Ọ̀rọ̀ Agbo Ilé: Ìbọn Nínú Ilé Owó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni, àti ti ilé tí kò yẹ kí ìbọn bá ènìyàn wọ̀. Àwọn kan ń wí pé, nígbà tí olè ń gbé ìbọn wọ báńkì, kí ni ó dé tí ẹni rere tí ó ní ìwé-àṣẹ kò lè gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká, kí ó sì wọ báńkì ní gbangba, kí olè lè rí i kí ó sì bẹ̀rù? Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀rù ni ó bí i, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó dáhùn.

Ìdí ẹ̀rù náà kò jìnnà sí wa. Ọ̀fà wà ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan náà tí ó gba Ẹdẹ àti Òṣogbo kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù April 2018 ni àwọn adigunjalè ya wọ ìlú náà. Wọn kò kọ́kọ́ lọ sí ibi tí owó wà. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n lọ. Wọ́n pa ọlọ́pàá 9, wọ́n sì kó ìbọn ìjọba lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dojú kọ àwọn báńkì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí wọn yóò fi lọ tán, ẹni tí ó kú ju 30 lọ. Àwọn tí ó wá gba owó wà nínú wọn, àwọn tí ń kọjá lọ ní tiwọn pẹ̀lú sì wà nínú wọn. Ó di oṣù September 2024 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Kwárà ní Ìlọrin tó dá ọkùnrin 5 lẹ́jọ́ ikú lórí ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ yìí, tí ó sì ní owó láti gbà ní báńkì ní ọ̀la, kò lè ṣe kí ó má ro ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Ní ti Ẹdẹ, ohun ìjà ni a fi tẹ ìlú náà dó. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé àwọn tí ń ná ọjà Àpòmù ń rí ìyọnu lọ́wọ́ àwọn tí ń jí ènìyàn gbé, Aláàfin Kori sì rán Tìmì, ọdẹ tí ó mọ ọfà í ta, kí ó lọ máa ṣọ́ wọn. Òun ni Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná. Nínú eré Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, Ṣàngó ni Aláàfin tí ó rán an. Bí ìtàn tilẹ̀ yàtọ̀ lórí orúkọ ọba, kò yàtọ̀ lórí èyí pé rírán ni a rán Tìmì. Kò rán ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀nà dára kí ọlọ́jà lè ná ọjà rẹ̀ ní àlàáfíà. Nínú eré náà pẹ̀lú, nígbà tí agbára Tìmì pọ̀ jù ní ojú ọba, Gbọ̀ǹkáà ni a rán kí ó lọ mú un wá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ó bá gbé ohun ìjà nítorí ará ìlú, ó yẹ kí ẹnìkan wà tí ó rán an, tí ó sì lè bi í léèrè ohun tí ó fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin wí, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ láì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òfin Ìbọn ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀: ìbọn ìléwọ́, ìbọn àwọn ológun, àti èyí tí ń rọ̀jò ọta. Kò sí ẹni tí ó lè ní irú rẹ̀ bí kò ṣe pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè fi àṣẹ sí i. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ ti òyìnbó àti irú rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ó ni àṣẹ ìwé ti èyí. Ọ̀nà kẹta ni ìbọn tí a ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù, ìbọn ṣakabùlà ti àwọn bàbá wa, èyí tí ìlànà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Òfin yìí kan náà sì ka àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé-àṣẹ: ẹni tí kò tí ì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó bí ó ti yẹ, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tí ó kọjá. Ẹ kíyè sí i pé ìwà ẹni àti ìlera ẹni ni òfin ń wò kí a tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ bí ènìyàn bá ti gba ìwé rẹ̀ tán ńkọ́? Ìwé láti ní ìbọn kì í ṣe ìwé láti máa gbé e yan kiri ìgboro. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti ìhà gúúsù ilẹ̀ wa sọ ọ́ ní abala 80 pé, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ohun ìjà jáde ní gbangba láìsí ìdí tí òfin fi ọwọ́ sí, ní ọ̀nà tí ó fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ó jẹ̀bi; a lè sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún 2, a sì lè gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Òfin yìí kò béèrè bóyá ó yìn ín tàbí kò yìn ín. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó ní èrò ibi. Ẹ̀rù tí ó dá sí ọkàn ẹlòmíràn ni ó kà sí i lọ́rùn.

Ẹ tún wo àwọn ẹ̀ṣọ́ aládàáni tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún wa ní báńkì. Kóńdó ni ẹ ó rí lọ́wọ́ wọn, tàbí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ara ènìyàn wò. Ẹ kò ní rí ìbọn. Kì í ṣe pé báńkì kò ní owó tí yóò fi rà á. Òfin tí a ṣe ní 1986 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ni ó kọ̀ fún wọn láti gbé ìbọn ní ẹnu iṣẹ́ wọn, àjọ Sífù Dìfẹ́ǹsì ni ó sì ń mójú tó wọn. Bí báńkì bá fẹ́ kí ìbọn wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọwọ́ ìjọba ni yóò ti tọrọ ẹni tí yóò gbé e. Bí òfin kò bá gbà kí ẹ̀ṣọ́ tí a gbà sí iṣẹ́ ààbò gbé ìbọn nínú ilé náà, báwo ni a ó ti ṣe gbà á fún ẹni tí ó kàn wá gba owó rẹ̀?

Báńkì kì í ṣe ojú títì ọba. Ilé onílé ni, onílé sì ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ báńkì wa lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń wọlé, nínú ilẹ̀kùn onígíláàsì tí ó dà bí àpótí, tí ń ké bí ó bá mọ irin lára ènìyàn. A ó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, a ó kó fóònù sílẹ̀, a ó sì padà sẹ́yìn kí a tún tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kùn sí ilẹ̀kùn yìí, a kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí òórùn a máa pa ni níta. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ń yẹ kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá arúgbó wò, ṣé ó yẹ kí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ìbọn?

Ẹ fi ojú inú wo gbọ̀ngàn báńkì kan ní Ẹdẹ ní ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì wọlé. Àwọn bàbá àti ìyá tí ó ti fẹ̀yìn tì wà ní orí ìjókòó, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Federal Polytechnic wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá ọlọ́jà kan pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ di gèlè tí ó fi di owó mú. Ọmọbìnrin kan tí kò tí ì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ jókòó níwájú wọn, ó ń ka owó. Ọkùnrin kan wọlé, ìbọn wà ní èjìká rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀ pé òun kò ní ibi kankan lọ́kàn; ta ni ó tún mọ̀? Ọmọbìnrin tí ń ka owó ní ìṣẹ́jú kan láti pinnu bóyá kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kí ó jókòó. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá kígbe, gbogbo ilé ni yóò sáré sí ẹnu ilẹ̀kùn tóóró yẹn, ẹsẹ̀ arúgbó àti ẹ̀yìn ọmọ ni wọn yóò sì gbà kọjá. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun?" Ẹni tí ó gbé ìbọn nìkan ni ó mọ̀ bóyá ó ní ọta nínú. Àwọn tí ó kù ń fi ẹ̀mí wọn méfò.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò dáhùn pé: "Kí ẹ̀rù bà wọ́n fún ìṣẹ́jú kan sàn ju kí olè pa wọ́n lọ. Ìbá ṣe pé ẹnìkan ní ìbọn ní Ọ̀fà ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí a sá fún un. Ìdáhùn wa ni pé ìbọn wà ní Ọ̀fà ní ọjọ́ náà. Ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní ọwọ́ àwọn tí a kọ́ ní bí a ti ń yìn ín. Àwọn ni olè kọ́kọ́ pa. Adigunjalè tí ó mọ iṣẹ́ ibi rẹ̀ kì í bẹ̀rù ìbọn kan tí ó rí. Yóò mọ ibi tí ó wà, ọta àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbé e. Ìbọn ṣakabùlà ń yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni ọdẹ yóò tún ki ẹ̀tù àti ọta kí ó tó yìn lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó tó kì í tán, ìbọn àwọn ológun ti yìn ní àìmọye ìgbà. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọlọ́pàá dé ní àárín rúkèrúdò, tí wọ́n bá ọkùnrin kan tí kò wọ aṣọ ìjọba, tí ó na ìbọn láàárín èéfín, báwo ni wọn yóò ti mọ̀ pé ẹni rere ni? Olè kì í kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sí iwájú orí, bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́ pẹ̀lú kì í kọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fi àyè sílẹ̀ ju tiwa lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù January 2016 ni òfin Texas ti gbà kí ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ fi ìbọn ìléwọ́ kọ́ ìbàdí ní gbangba; láti ọjọ́ 1 oṣù September 2021 ni ó sì ti gbà á fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti pé ọdún 21, kódà láìsí ìwé-àṣẹ. Síbẹ̀, òfin kan náà fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí ẹnu onílé. Ilé ìtajà tàbí báńkì tí kò bá fẹ́ kí a gbé ìbọn wọ inú rẹ̀ ní gbangba yóò kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Sípéènì, ní lẹ́tà tí kò gbọdọ̀ kéré ju íńṣì kan lọ. Ẹni tí ó bá kọjá àkọlé yìí ti rú òfin.

Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ní ọjọ́ 3 oṣù August 2019, ọkùnrin kan gbé ìbọn lọ sí ilé ìtajà Walmart ní El Paso, ènìyàn 23 ni ó sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 5 lẹ́yìn rẹ̀, ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Missouri, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 20 kan wọ ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀, ó gbé ìbọn gígùn kọ́ àyà, ó sì wọ Walmart mìíràn. Ó ní òun fẹ́ dán an wò bóyá wọn yóò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ òun ni. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò kọ ìbọn gbígbé ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò dúró gbọ́ àlàyé òfin. Ọ̀gá ilé ìtajà náà lu agogo iná, gbogbo ènìyàn sì sá jáde. Panápaná kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, tí òun náà ní ìbọn, ni ó na ìbọn sí i títí ọlọ́pàá fi dé. Kò yin ọta kan, síbẹ̀ wọ́n mú un, ó sì dé ilé-ẹjọ́. Ẹ rò ó wò ná: olóòótọ́ kan na ìbọn sí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́, díẹ̀ ni ó kù kí ọ̀kan pa èkejì. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Walmart bẹ gbogbo oníbàárà rẹ̀ kí wọn má ṣe gbé ìbọn wá ní gbangba mọ́, àní ní ibi tí òfin gbà á pàápàá. Starbucks, tí ń ta kọfí, ti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí ní 2013. Bí àwọn tí òfin wọn fi ìbọn ṣe ẹ̀tọ́ bá ń bẹ̀bẹ̀ báyìí, àwa tí òfin wa kò fi í ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni à ń wá lọ sí ibẹ̀?

A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ nìkan, kí a má bàa dà bí ẹni tí ń bá mẹ̀kúnnù wí tí ó sì ń fojú fo ọlọ́lá. Àwọn ènìyàn ńlá kan wà tí ọlọ́pàá máa ń tẹ̀ lé wọ inú báńkì àti inú ilé oúnjẹ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, nítorí kí a lè mọ̀ pé ẹni pàtàkì dé. Ní oṣù November 2025 ni Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí a kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n padà sí iṣẹ́ ìlú, kí ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ Sífù Dìfẹ́ǹsì. Ẹ̀ṣọ́ yòówù tí ó bá tẹ̀ lé ọlọ́lá, ìbọn rẹ̀ lè dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn olè àti ìbọn ọlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé à ń tàbùkù yín. A mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ń ṣọ́ oko àti ìlú nígbà tí a bá ń sùn. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù January 2020, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti wá ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ogun rẹ̀. Nítorí iyì yìí ni a ṣe ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń ti oko bọ̀ tí ẹ sì ní ohun kan í ṣe ní báńkì, ẹ kọ́kọ́ dé ilé. Ẹ yọ ohun tí ó wà nínú ìbọn, ẹ gbé e pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ẹ fi ẹ̀tù sí ibòmíràn tí ó yàtọ̀, kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe gbé e fún ọmọ kékeré kí ó bá yín dì í mú ní ẹnu ọ̀nà báńkì. Èyí burú ju kí ẹ gbé e wọlé lọ. Ẹ̀yin Olúọdẹ, ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ òfin ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa yẹ ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín wò.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, a mọ̀ pé ẹ̀rù yín kì í pin sínú báńkì. Ojú ọ̀nà ni ó ń bà yín jù. Ẹ má ṣe bẹ ọdẹ kí ó gbé ìbọn tẹ̀ lé yín lọ gba owó, nítorí ìbọn náà ni yóò sọ fún gbogbo ayé pé owó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi fóònù san èyí tí ẹ bá lè fi fóònù san. Ẹ má gba gbogbo owó ní ọjọ́ kan, ẹ má lọ ní àkókò kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ má sì ka owó ní ojú títì. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán bá yín lọ ní ọwọ́ òfo. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ tí olè dé bá yín níbẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ má ṣe wò wọ́n lójú, ẹ jẹ́ kí owó lọ. A lè rí owó mìíràn.

Ẹ̀yin alákòóso báńkì àti ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà yín gàdàgbà ní èdè Yorùbá pé a kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọlé, nítorí pé òfin onílé tí àlejò kò lè kà kò tí ì di òfin. Ẹ kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yín kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀: "Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ gbé ohun ọdẹ yín sílẹ̀ ní ilé ná, a ń retí yín." Ọ̀rọ̀ tútù bí èyí kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ẹ gba ìbọn ìṣeré kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín kí ẹ tó mú wọn wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà kì í dúró wo bóyá ike ni.

Tìmì dúró ní ojú ọ̀nà kí ọlọ́jà lè ná ọjà láìfòyà. Bí ọkùnrin Ẹdẹ lónìí bá fẹ́ kí ọlọ́jà àti arúgbó gba owó wọn láìfòyà, ìbọn rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ní ilé ni yóò fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó dìgbà kan ná.